Ìtàn Àìjẹun Àwọn Ọlọ́tísímù

Àwọn baba wa ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn ènìyàn kan ń bẹ tí ebi ń pa, tí wọn kò mọ̀ pé ebi ni. Àwọn mìíràn ń bẹ tí oúnjẹ wà níwájú wọn, tí ara wọn kọ̀ ọ́. Bí àwọn oníṣègùn ṣe ṣi irú wọn gbọ́ fún ìgbà pípẹ́ ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ní ọdún 1689, oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Richard Morton tẹ ìwé jáde lórí àwọn àrùn tí ń mú ènìyàn rù. Ó sọ ti ọmọbìnrin ọlọ́dún 18 kan tí kò fẹ́ jẹun mọ́, tí ó gbẹ títí ó fi ku egungun àti awọ, síbẹ̀ tí kò yé tẹjú mọ́ ìwé. Ọmọ náà kọ oògùn, ó sì kú. Morton rí i pé kì í ṣe ibà, kì í ṣe ikọ́. Ó ní ìdààmú ọkàn ni.

Ní 1873, Charles Lasègue ní Párísì àti William Gull ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé lórí àrùn yìí, Gull sì sọ ọ́ ní anorexia nervosa. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a máa fún aláìsàn lóúnjẹ lásìkò, kí a má sì bi í bí ó bá fẹ́ tàbí kò fẹ́. Nígbà tí ó di 1962, Hilde Bruch kọ̀wé pé ojú tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń wo ara rẹ̀ kì í ṣe ojú tòótọ́, àti pé kì í mọ ìgbà tí ebi ń pa òun. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ayé gbá mú. Láti ìgbà náà, bí ọmọbìnrin kan kò bá ti jẹun, wọn a ní ó ń sá fún sísanra ni.

Ọ̀nà kejì ń bẹ tí ìtàn yìí gbà wá. Ní 1943, Leo Kanner ní Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Òun ni ó fi ọ́tísímù han àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà: ìṣẹ̀dá ọpọlọ tí ó yàtọ̀, tí ariwo, òórùn tàbí ìfọwọ́kàn fi lè wọ ènìyàn lára ju bí ó ti ń wọ ẹlòmíràn lọ. Kanner kò ṣàì sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń bá oúnjẹ jà láti ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọwọ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ka ọ́tísímù sí ti ọmọkùnrin, wọ́n ka àìjẹun sí ti ọmọbìnrin. Àwọn oníṣègùn ìhín kò sì bá àwọn tọ̀hún pàdé.

Ní 1983 ni Christopher Gillberg, ará Súwídìn, béèrè nínú lẹ́tà kan bí àwọn méjèèjì kò bá jẹ́ ẹbí. Lẹ́yìn náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg tọpa àwọn ọ̀dọ́ 51 tí àrùn yìí ti mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí ọ́tísímù lára àwọn kan nínú wọn. Ní 2013, àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún fi orúkọ fún irú àìjẹun kan tí ìbẹ̀rù sísanra kò sí nínú rẹ̀ rárá.

Kí ni èyí já mọ́? Ó já mọ́ ẹ̀mí. Bí ọbẹ̀ yíyọ̀ bá ń rí ọmọ lára, bí a bá ń wàásù ẹwà fún un láti àárọ̀ di alẹ́, kò ní jẹ ẹ́. Bí òfin tí ó ṣe fún ara rẹ̀ nípa oúnjẹ bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ fi balẹ̀, tí a sì já a gbà lójijì, a ti dá kún ìpọ́njú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù, Kate Tchanturia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi àwọn aláìsàn fúnra wọn léèrè ohun tí ń ni wọ́n lára. Wọ́n ṣètò oúnjẹ tí adùn rẹ̀ kò le jù, wọ́n sì tún ibi tí wọ́n ń gbé ṣe kí ó lè tù wọ́n lára. Gull ní kí a má bi wọ́n. Àwọn wọ̀nyí bi wọ́n. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín 1873 àti ayé òde òní nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ọmọ kan nínú ilé bá ń jẹ oúnjẹ kan ṣoṣo, tí ó sì ń rù, ẹ má ṣe tètè pè é ní alágídí tàbí àkẹ́bàjẹ́. Ẹ bi í ohun tí oúnjẹ náà ń ṣe é lẹ́nu, kí ẹ sì mú un tọ oníṣègùn lọ. Ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Ohun tí a bá ṣì gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.