Òkúta Wẹ́wẹ́, Ìdérí Ìgò àti Okùn: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Àfọwọ́ṣe láti Ifẹ̀ dé Èjìgbò

Gbogbo ẹni tó bá ti lọ TP rí nínú wa ló mọ ibi tí olùbẹ̀wò máa ń kọ́kọ́ wò nínú ètò iṣẹ́ wa: ibi tí a kọ "ohun èlò ìkọ́ni" sí. Bí o bá kọ "pátákó àti ṣọ́ọ̀kì" nìkan síbẹ̀, o ti pàdánù máàkì kí o tó la ẹnu. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ní Èjìgbò, ní Màsífà, ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tí a ń ṣa ìdérí ìgò kiri lẹ́yìn òde ìnáwó bí ẹni tí nǹkan ṣe. Àwọn kan rò pé àṣà tuntun tí a kó láti inú ìwé òyìnbó ni. Ìtàn rẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí apá tó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Kí ilé ìwé tó dé ni àwọn baba wa ti ń fi ọwọ́ kọ́ ìṣirò. Adolphus Mann, ajíhìnrere ìjọ CMS tó gbé ní Ìjàyè, ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1887 bí wọ́n ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọ́n á da owó sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á máa fà á sọ́dọ̀ ní márùn-ún márùn-ún. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ẹ ò rí i pé òkìtì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan? Orúkọ nọ́ńbà wa náà ń sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń lé e lórí ẹ̀wá. Tó bá ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a ti fo lọ sí ogún, a wá ń yọ kúrò nínú rẹ̀: mẹ́rìndínlógún ni ogún tí a mú mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ orúkọ yẹn ti gbọ́ ìṣirò náà. "Sixteen" kò sọ ohunkóhun fún un.

Ìjọba amúnisìn kò ka èyí sí. Òfin ẹ̀kọ́ ti 1882 kò ní owó ìrànwọ́ kankan fún kíkọ́ èdè ìbílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ń mú owó wọlé fún ilé ìwé. Nígbà tí ìròyìn ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes jáde ní 1922, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì kọ ìlànà tiwọn ní 1925, wọ́n gbà pé ó yẹ kí ọmọ kékeré fi èdè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ ọwọ́ àti oko sì wà nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè nípa agbọ̀n híhun àti ọgbà ilé ìwé. Nígbà tó di ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955 tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, èrò pọ̀ dé ilé ìwé, olùkọ́ kò tó. Kíka àkàsórí ló sì rọ olùkọ́ tí ọmọ pọ̀ fún lọ́rùn jù.

Oṣù kìíní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fún wọn lówó. Wọ́n ya kíláàsì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan fi Yorùbá kọ́ ohun gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn yòókù ṣe bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù.

Iṣẹ́ ńlá ni. Kò sí ìwé sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, wọ́n ní láti kọ ọ́. Kò sí orúkọ fún ọ̀pọ̀ nǹkan, wọ́n ní láti wá a. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kùn nípa kíláàsì èdè-ìperí, ẹ rántí pé ọmọ ọdún mẹ́fà ló kọ́kọ́ nílò rẹ̀.) Ó rọrùn láti mọ ohun tó lè máa ba òbí lẹ́rù: ṣé ọmọ mi kò ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ́? Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìwé tí Fáfúnwá àti àwọn méjì mìíràn ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1989. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú iṣẹ́ wọn, títí kan Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn tí èyí parí ni obìnrin ará Ọsirélíà kan, Helen Verran, dé yunifásítì kan náà láti máa kọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ìwé rẹ̀, Science and an African Logic, tó jáde ní 2001, sọ̀rọ̀ nípa ohun tó rí nínú kíláàsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ti ẹni tí ìwé náà pè ní Ọ̀gbẹ́ni Òjó la fẹ́ràn jù. Gígùn ni iṣẹ́ ọjọ́ náà. Bí Verran ṣe kọ́ wọn ni pé kí àwọn ọmọ fi okùn wọn ara wọn, kí wọ́n wá na okùn náà sórí rúlà, kí wọ́n ka sẹ̀ǹtímítà. Òjó kò na okùn sórí rúlà. Páálí kéékèèké tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ló fún àwọn ọmọ. Wọ́n fi okùn wọn ara wọn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n wé e mọ́ páálí, wọ́n ka iye ìgbà tí okùn kọjá lára rẹ̀, wọ́n wá ka èyí tó ṣẹ́kù.

Ó kọ́kọ́ rú Verran lójú. Lójú tirẹ̀, gígùn gbọ́dọ̀ nà tàntàn kí ojú lè rí i. Òjó ti wé e di òṣùṣù. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà yé àwọn ọmọ, ó yé wọn gan-an. Verran gbìyànjú láti fi bí nọ́ńbà Yorùbá ṣe rí ṣàlàyé rẹ̀, ó sì tún padà wá ń bi ara rẹ̀ léèrè nínú ìwé kan náà bóyá àlàyé yẹn tọ̀nà. A ò ní bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí àwa rí ni pé òkìtì ni Òjó kọ́kọ́ ṣe kó tó kà, bí àwọn tó ń ka owó ẹyọ nígbà ayé Mann. Kò sí olùbẹ̀wò tó kọ́ ọ.

Ní Èjìgbò, ọ̀rọ̀ yìí ní ojú mìíràn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ènìyàn wa ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, ilé tí kò ní ẹbí ní Àbíjàn kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dá ọmọ padà sílé, Faransé ló fi ń kàwé tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wa pàdé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Kíláàsì Kejì nígbà TP rẹ̀. "Seize" ló mọ̀, kò mọ "sixteen", gbogbo ara rẹ̀ sì ń tì í. Àmọ́ Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn lọ́hùn-ún. Ańtí TP kó ìdérí ìgò ogún síwájú rẹ̀, ó ní, "Mú mẹ́rin kúrò." Ọmọ náà mú un kúrò, ó ka èyí tó kù, ó ní, "Ẹẹ́rìndínlógún! Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn?" Ó ti ń pe ọ̀rọ̀ náà tipẹ́ láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo kíláàsì máa lò. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí ni ìfìdírẹmi ìdánwò ti pọ̀. Ká sọ òótọ́: Modákẹ́kẹ́ ní ìwé, ó ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dáńtọ́, ó ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Kò tíì sí ọdún kan tí ìyókù àwọn ilé ìwé wa ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, pẹ̀lú pé ìlànà ti wà lórí ìwé láti 1977. Ohun tí wọn kò tíì ṣe ni wọ́n sọ pé ó kùnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ TP ní sáà tó ń bọ̀, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìdérí ìgò. Ogún fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ogójì nínú kíláàsì: ẹgbẹ̀rin nìyẹn. Òde ìnáwó méjì ní ọjọ́ Sátidé kan ní Èjìgbò tó o. Ẹ fọ̀ wọ́n dáadáa, ẹnu ni àwọn ọmọ Kíláàsì Kìíní kọ́kọ́ máa ń fi wọ́n sí.