Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Òṣèlú: Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ìpolongo Ìbò Láti Gbọ̀ngàn Glover Dé Ṣàngótẹ̀dó

Ìfáàrà

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Àjọ Elétò Ìdìbò Nàìjíríà, INEC, fàyè gba ìpolongo ìbò ààrẹ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀. Lọ́jọ́ náà, ọ̀pọ̀ ifásitì ìjọba ṣì wà ní títì pa, nítorí pé ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ifásitì, ASUU, ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró, ìyẹn lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ gbáko. Fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìpolongo ń lọ lọ́wọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà nílé.

Ṣàngótẹ̀dó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí a ti lè wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ojú títì tó lọ láti Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ló wà, lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà Ìlà-Oòrùn, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Abúlé ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn ilé tuntun àti ọjà ńlá ìgbàlódé tó yí i ká. Onílẹ̀ àti àlejò, Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn, ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà nílé òbí rẹ̀ ní ohun mẹ́ta tí olùdíje ń wá: àkókò, ìmọ̀ ẹ̀rọ ayélujára, àti èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ó lè fi bá aládùúgbò sọ̀rọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ olùdíje ní orúkọ àti ipò tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan tilẹ̀ máa ń ka iṣẹ́ náà mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Yorùbá náà mọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ dáadáa. Ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ tàbí iṣẹ́ mẹkáníìkì ní àdéhùn, ó ní iye ọdún, ó sì ní ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ yóò gbàdúrà fún un, tí yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ ní gbangba. Nínú òṣèlú Èkó, akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láìsí àdéhùn, láìsí iye ọdún, láìsí ọjọ́ ìyọ̀ǹda. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ iye akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sọ wọ́n di alágbára nínú ìpolongo. Bí ọ̀rọ̀ tiwọn bá wà lára ohun tí ìpolongo náà ń gbé kiri ni wọ́n tó máa ń ní ipá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú

Òfin tí Gómìnà Hugh Clifford gbé kalẹ̀ ní ọdún 1922 ló mú ìdìbò wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin Nàìjíríà. Èkó ní àyè mẹ́ta nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin, Calabar sì ní ẹyọ kan. Ọkùnrin tó ti dàgbà, tí owó tó ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún, nìkan ló lè dìbò. Obìnrin kò sí níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì sí níbẹ̀. Nigerian National Democratic Party, ẹgbẹ́ Herbert Macaulay, ló gba àyè Èkó ní ọdún 1923, 1928 àti 1933.

Ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára ohun tó bi odi náà wó. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ṣí Yaba Higher College ní ọdún 1934, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó rí i pé ìwé-ẹ̀rí ibẹ̀ kò bá oyè ifásitì Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, àti pé igbákejì òyìnbó ni yóò sọ ẹni tó bá gbà á dà lẹ́nu iṣẹ́. J. C. Vaughan, Ernest Ikoli, H. O. Davies àti Samuel Akinsanya wà lára àwọn tó dá Lagos Youth Movement sílẹ̀ lọ́dún náà. Ní 1936, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nigerian Youth Movement. Ní 1938, ẹgbẹ́ náà gba àyè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti Èkó. Àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1944, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló bọ́ síwájú. Ìjọba ti kó ológun sí ilé ibùgbé àwọn ọmọ King's College ní Èkó nítorí ogun àgbáyé kejì. Àwọn ọmọ náà kọ̀ láti lọ sí kíláàsì. A mú àwọn aṣáájú wọn, a sì fi tipátipá sọ mẹ́jọ nínú wọn di ológun. Ọ̀kan kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ Nigerian Union of Students ló ké sí àwọn ẹgbẹ́ yòókù láti fi ohùn ṣọ̀kan. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún náà, nínú Gbọ̀ngàn Glover, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó padà di NCNC sílẹ̀. Herbert Macaulay di ààrẹ, Nnamdi Azikiwe di akọ̀wé. Akẹ́kọ̀ọ́ ló pe ìpàdé, àgbà ló jókòó sórí àga. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ládiípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tó dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1925. Ibẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin nígbà tí òun àti àwọn mìíràn dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Láti ara ẹgbẹ́ yìí ni Action Group ti jáde ní 1951.

Láti ìwọ́de dé àpótí ìbò

Lẹ́yìn òmìnira, ìyàtọ̀ wọlé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University College, Ìbàdàn, wá sí Èkó láti tako àdéhùn ààbò tí ìjọba bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe; wọ́n ya bo ilé aṣòfin. Ní 1962, àwọn ìjọba méjèèjì fagi lé àdéhùn náà. Ṣùgbọ́n ìwọ́de ni èyí, kì í ṣe ìpolongo ìbò. Ọdún 21 ni òfin béèrè lọ́wọ́ olùdìbò nínú ìdìbò 1959. Ìdìbò 1979 ni ọjọ́ orí olùdìbò fi wá sí 18. Láti ìgbà náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ifásitì ti di olùdìbò gidi, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì ní ìdí láti wá a lọ fúnra rẹ̀.

Ní ọdún 2018, àtúnṣe òfin tí a mọ̀ sí Not Too Young To Run dín ọjọ́ orí ẹni tó lè díje fún ilé aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25. Ìwé mẹ́wàá ni ìwé ẹ̀kọ́ tí òfin béèrè. Nípa bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 25 kì í ṣe ẹni tó kàn lè bá olùdíje gbé pátákó mọ́. Òun fúnra rẹ̀ lè jẹ́ olùdíje. Owó ni ìdènà tó kù. Òfin ìdìbò ọdún 2022 gba olùdíje sí ilé aṣojú-ṣòfin láyè láti ná tó ₦70 mílíọ̀nù, iye tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fọkàn rò.

Iye tó pọ̀, ipá tó kéré

Nínú orúkọ 93,469,008 tó wà nínú ìwé olùdìbò ọdún 2023, INEC kéde pé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ 26,027,481, ìyẹn ìdá 27.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìdìbò ààrẹ dé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì, àpapọ̀ gbogbo ẹni tí a yẹ̀ wò níbùdó ìdìbò jákèjádò orílẹ̀-èdè jẹ́ 25,286,616. Èyí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tó forúkọ sílẹ̀ pọ̀ ju gbogbo ènìyàn tó jáde wá dìbò lọ, àgbà àti ọmọdé, oníṣòwò àti àgbẹ̀.

Ètò ìjọba náà ní ọwọ́ nínú bí nǹkan ṣe rí. Àjọ tó ń mójú tó ifásitì, NUC, ní kí gbogbo ifásitì wà ní títì láti ọjọ́ 22 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní ìlú òbí rẹ̀ rí àyè lọ sílé. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ ní láti yan bóyá kí ó dúró tàbí kí ó pàdánù ìbò rẹ̀. Nígbà tí INEC sún ìdìbò gómìnà láti ọjọ́ 11 sí ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, ó bọ́ sẹ́yìn ọjọ́ tí NUC dá pé ìtìpa náà yóò parí. Ọmọ Ṣàngótẹ̀dó tó ń kàwé ní Ìbàdàn tàbí Ilé-Ifẹ̀, tó dìbò nílé ní oṣù Kejì, tó sì ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́, ní láti tún rìnrìn-àjò wálé kí ó tó lè dìbò gómìnà.

Síbẹ̀, Etí-Ọ̀sà fi hàn pé àyípadà ṣeé ṣe. Thaddeus Attah ti ẹgbẹ́ Labour ló wọlé sí ilé aṣojú-ṣòfin pẹ̀lú ìbò 24,075. Bánkọ́lé Wellington ti PDP, olórin tí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀ sí Banky W, ní 18,666. Bàbájídé Ọbaníkòró ti APC, tó wà lórí àga náà, ní 16,901. Lórí ìbò ààrẹ, Peter Obi ti Labour borí ní ìpínlẹ̀ Èkó pẹ̀lú 582,454 sí 572,606 tí Bọ́lá Tinúbú ní. Èsì yìí kì í ṣe iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ṣùgbọ́n ìyanṣẹ́lódì oṣù mẹ́jọ jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ọmọ ní ifásitì ìjọba, kò sì sí olùdíje tó lè dákẹ́ lórí rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ Yaba ti rí ní 1934 àti ti King's College ní 1944, ẹ̀dùn akẹ́kọ̀ọ́ tún di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

Ìgúnlẹ̀

Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ni ìpàdé. Ní 1944, akẹ́kọ̀ọ́ pe àgbà jọ, ẹgbẹ́ sì jáde láti ibẹ̀. Ní 2023, olùdíje ló ń pe akẹ́kọ̀ọ́: kó wá kọ̀wé sórí ẹ̀rọ ayélujára, kó wá pín ìwé ìléwọ́, kó wá jókòó ní ibùdó ìdìbò gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, ti aṣojú níbùdó ìdìbò nìkan ni òfin ìdìbò dá mọ̀ ní orúkọ, ọjọ́ ìbò sì ni iṣẹ́ náà ń parí. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kì í ṣe nǹkan kan mọ́.

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ṣàngótẹ̀dó mọ ohun tí yóò gbà nígbà tí ọdún rẹ̀ bá pé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ òṣèlú ní àdúgbò kan náà kò mọ̀ ọ́n. Ìtàn Èkó sì fi hàn pé àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò dúró de ọ̀gá kí ó yọ̀ǹda wọn. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ tiwọn wá sí ìpàdé, wọ́n sì ní kí ó wà lára ohun tí ẹgbẹ́ yóò jà fún.