Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Àgbéyẹ̀wò Ìwé Ìmọ̀ fún Àgbàlagbà Òǹkàwé ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómaikò

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ àwọn ìwé ìmọ̀ wò, ìyẹn ìwé tí kì í ṣe ìtàn àròsọ, tí àgbàlagbà tó ń wá ìmọ̀ ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómaikò ní Èkó lè kà fúnra rẹ̀ láìsí olùkọ́. Òṣùwọ̀n pàtàkì tí a lò ni pé kí òǹkàwé lè fi ohun tó ti rí tó sì ti gbọ́ ní àdúgbò dán ọ̀rọ̀ inú ìwé wò. A pín àwọn ìwé náà sí ọ̀nà mẹ́rin: ìtàn ilẹ̀, títì àti ọjà, ìmọ̀ tí a kọ ní èdè Yorùbá, àti ìwé nípa ayé tó gbòòrò. A fi hàn pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń gbé ni yóò tètè dá ìwé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ̀. A sì pe àwọn onímọ̀ níjà láti kọ ìwé nípa agbègbè yìí ní èdè Yorùbá.

Ìfáárà

Àgbàlagbà tí a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ tipẹ́. Ó lè jẹ́ awakọ̀ tó ń ná Ìyànà-Ìbà sí Mile 2, oníṣòwò ní ọjà Alábà, nọ́ọ̀sì, télọ̀ tàbí sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Kò ní ìdánwò tó fẹ́ ṣe. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá béèrè ìwé tó dára lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ìwé bí a ṣe ń lówó tàbí ìwé ìwúrí láti Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń nà sí i. A kò bu ẹnu àtẹ́ lu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ibi tí òǹkàwé wa kò dé rí ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sọ ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí. Kò rí nǹkan fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Kó gbà á gbọ́ tàbí kó jù ú nù ló kù fún un.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí iṣẹ́ yìí ń sọ ni pé bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí ìwé kíkà rí fún àgbàlagbà. Ẹni tó ti gbé Òkókómaikò fún ogún ọdún ní ìmọ̀ kan tí ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ìwé nípa Èkó lè máà ní. Bó bá ka ìwé nípa ibi tó mọ̀, yóò rí ibi tí òǹkọ̀wé ti ríran jìnnà, yóò sì rí ibi tó ti ṣì í rí. Nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti mọ́ irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kò sí ìwé tí kò ní lè fi ojú yẹn wò, ibi yòówù kí ìwé náà ti wá.

Bí a ṣe ṣa àwọn ìwé náà

Nǹkan mẹ́ta ni a wò. Èkíní, òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a mọ ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ rẹ̀, yálà lẹ́nu àgbà, nínú àkọsílẹ̀ tàbí nínú ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ ní ohun kan nínú tí ará Ọ̀jọ́ lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹni tó parí ìwé mẹ́wàá gbọ́dọ̀ lè kà á bó bá fi sùúrù sí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A fi orúkọ wọn sílẹ̀ bó ṣe wà lára ìwé kí òǹkàwé lè rí wọn béèrè. Àwọn mìíràn ti pẹ́ débi pé ilé-ìkàwé ni kí á ti kọ́kọ́ wá wọn. Ní agbègbè yìí, ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, ni ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí á yà sí.

Ilẹ̀ tí a ń tẹ̀

Ìwé tó ṣíwájú ni History of the Peoples of Lagos State, tí Adé Adéfúyè, Babátúndé Àgìrì àti Jídé Ọ̀ṣúntókun ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1987. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn, bí wọ́n bá ti dárúkọ Èkó, erékùṣù nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn: ìjà oyè Kòsọ́kọ́ àti Akítóyè, àti àgbá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìn lu ìlú ní 1851. Ìwé yìí fún àwọn ẹ̀yà tó kù ní ìpínlẹ̀ náà ní àyè tiwọn, títí kan àwọn Àwórì tí wọ́n ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Àwórì sọ pé Olófin Ògúnfúnmínirè kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n tẹ̀dó sí Ìṣẹ̀rì létí odò Ògùn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti tàn ká. Òǹkàwé lè gbé ìtàn yìí lọ bá àwọn àgbà ìdílé ní àdúgbò rẹ̀. Bó bá gbọ́ èyí tó yàtọ̀, kó má yára pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ìtàn ìtẹ̀dó so mọ́ oyè, ó so mọ́ ilẹ̀, ilẹ̀ sì ti di owó ńlá ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Kó béèrè ìdílé tí ẹni tó ń sọ ìtàn ti wá, àti ẹ̀tọ́ tí ìtàn náà fún ìdílé yẹn. Òpìtàn tí kò bá béèrè èyí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tó bá ti fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn lè wá ka The History of the Yorubas ti Àlùfáà Samuel Johnson. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n ìwé tó fọwọ́ kọ náà sọnù nígbà tó fi ránṣẹ́ pé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù tún ìwé náà tò, ó sì jáde ní 1921. Gbogbo ẹni tó kọ ìtàn Yorùbá lẹ́yìn rẹ̀ ló jẹ ẹ́ ní gbèsè. Àmọ́ Ọ̀yọ́ ni Johnson dúró sí wo ilẹ̀ Yorùbá, díẹ̀ sì ni ẹni tó ń wá Àwórì yóò bá níbẹ̀. Kí òǹkàwé fi ìwé méjì tó sún mọ́ àsìkò wa tì í: A History of the Yoruba People ti Stephen Adébánjí Akíntóyè (2010), àti The Yoruba: A New History ti Akínwùmí Ògúndìran (2020). Awalẹ̀pìtàn ni Ògúndìran. Ohun tí wọ́n hú nílẹ̀ máa ń bá ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àgbà fọ̀rọ̀ wérọ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, T. Ọlá Avoseh kọ A Short History of Badagry ní 1938. Ní 1994, G. O. Ogunremi, M. O. Opeloye àti Siyan Oyeweso ṣe olóòtú Badagry: A Study in History, Culture and Traditions of an Ancient City. Kí á ka méjèèjì pọ̀: ọmọ ìlú ló kọ ti àkọ́kọ́, ọ̀wọ́ àwọn onímọ̀ ló kọ ti èkejì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn àlejò lè wá ìwé ìrìn-àjò Richard àti John Lander tó jáde ní 1832. Àgbádárìgì ni àwọn méjèèjì gúnlẹ̀ sí ní 1830 kí wọ́n tó wọ inú ilẹ̀ lọ wá òpin odò Ọya. Wọ́n ríran, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé ìgbéraga wá láti ilé. Òǹkàwé tó mọ etí òkun yìí ni yóò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ìbà, tó sì ti bá ọmọ-onílẹ̀ fa ọ̀rọ̀, gbọ́dọ̀ ka Slavery and the Birth of an African City ti Kristin Mann (2007). Ó fi àkọsílẹ̀ ilé-ẹjọ́ ṣàlàyé bí òwò ẹrú ṣe yí padà di òwò epo pupa ní Èkó, bí àwọn tó jẹ́ ẹrú ṣe ń wá ilé àti olúwa tuntun, àti bí ilẹ̀ tó jẹ́ ti ìdílé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí à ń tà tí à ń fi dúró fún gbèsè. Ìjà láàárín ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ àti ìdílé onílẹ̀ tí a ń rí lónìí ti ní gbòǹgbò níbẹ̀.

Títì, ọjà àti ilé

Patrons and Power ti Sandra Barnes (1986) dá lórí Muṣin. Ó fi hàn bí àwọn àlejò tó kó wá sí ìgboro ṣe ń di onílé, bí onílé ṣe ń di ẹni tí ayálégbé ń sá bá nígbà ìṣòro, àti bí èyí ṣe ń di agbára nínú òṣèlú. Ẹni tó bá ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ní Òkókómaikò yóò mọ àwọn ènìyàn inú ìwé náà láìtíì rí wọn. Kó bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀nà kan náà ni agbára ń gbà níhìn-ín, níbi tí bárékè sójà, yunifásítì àti ọjà ńlá ti jọ pààlà.

They Eat Our Sweat ti Daniel Agbiboa (2022) wọ inú ayé awakọ̀ dáńfó, kọ̀ǹdọ́, agbèrò àti ọlọ́pàá ojú pópó. Ó jẹ́ kí á rí i pé owó tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà ní ètò, ó ní ẹni tó ń pín in, ó sì ní ìdí tí awakọ̀ fi ń san án láìjiyàn. Ní ojú ọ̀nà tiwa, ìjọba pète ọkọ̀ ojú irin láti Marina dé Òkókómaikò, nǹkan bíi kìlómítà 27. Apá àkọ́kọ́, tó dé Mile 2, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Ìbéèrè tí òǹkàwé lè mú kúrò nínú ìwé náà ni pé: ta ni yóò máa gba owó tí àwọn agbèrò Ìyànà-Ìbà ń gbà lónìí, nígbà tí ojú irin bá dé ọ̀dọ̀ wa?

Ọ̀pọ̀ èrò ló ń kọjá lára Trade Fair láìmọ ẹni tó kọ́ ọ. Iléeṣẹ́ Energoprojekt láti Yugosláfíà ló kọ́ ọ fún ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti 1977, Zoran Bojović ló sì ya àwòrán rẹ̀. Łukasz Stanek sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí nínú Architecture in Global Socialism (2020), ó sì so ó mọ́ àkókò tí orílẹ̀-èdè wa ń wá ọ̀rẹ́ láàárín ìhà ìwọ̀-oòrùn àti ìhà ìlà-oòrùn ayé. Kí òǹkàwé mú ìwé náà dání lọ wo àwọn gbọ̀ngàn náà, kó wo ohun tí ọjà àwa fúnra wa ti sọ wọ́n dà.

Ní ti Alábà, ìwé méjì ni a yàn. Nollywood: The Creation of Nigerian Film Genres ti Jonathan Haynes (2016) ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò fídíò ṣe di olówó sinimá lẹ́yìn fíìmù Living in Bondage ti 1992, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ náà ti gba agbára. Èkejì ni ìjábọ̀ The Digital Dump tí ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé jáde ní 2005 lórí kọ̀ǹpútà àti tẹlifíṣọ̀n àlòkù tó ń wọ Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bíi kọ̀ǹtéènà 500 ló ń wọlé lóṣooṣù, pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe. Ìṣirò yìí ni kí òǹkàwé gbé tọ àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ní Alábà lọ. Wọ́n lè fara mọ́ ọn, wọ́n sì lè ní ohun tí olówó òkèèrè pè ní pàǹtí ni àwọn fi ń tọ́ ọmọ. Ẹni tó gbọ́ tọ̀tún tòsì ni yóò mọ ibi tí májèlé inú ẹrù náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí èrè rẹ̀ parí sí.

Ìmọ̀ tó wà ní èdè wa

Àwọn kan rò pé ìtàn àròsọ, ewì àti eré nìkan ni èdè Yorùbá ní. Kò rí bẹ́ẹ̀. I. B. Akínyẹlé, tó padà wá di Olúbàdàn, tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911. D. O. Fágúnwà, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ iwin àti ọdẹ, kọ Ìrìnàjò, Apá Kìíní ní 1949 nípa ìrìn tó rìn lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì nítorí pé Yorùbá ló ń wo òyìnbó nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á kà á mọ́ ti àwọn Lander. Àwọn Oríkì Orílẹ̀ ti Adébóyè Babalọlá àti Àwọn Àṣà àti Òrìṣà Ilẹ̀ Yorùbá ti Olú Dáramọ́lá àti Adébáyọ̀ Jéjé jáde ní 1967. Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá ti Wándé Abímbọ́lá tẹ̀ lé e ní 1968. Akínwùmí Ìṣọ̀lá sì túmọ̀ Aké, ìtàn ìgbà èwe Wọlé Ṣóyínká, sí Yorùbá tó dùn ún kà sókè fún gbogbo ilé.

Ìwé kan wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó yẹ kí á fi ti àwọn yìí: Science and an African Logic ti Helen Verran (2001). Ó kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ ní Ifẹ̀, ó sì wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọdé ní òǹkà. Ní Yorùbá, ọgọ́ta ni ogún mẹ́ta. A yọ mẹ́wàá kúrò ó di àádọ́ta. A tún yọ márùn-ún ó di márùndínláàádọ́ta. Verran kọ́kọ́ rò pé ọgbọ́n méjì tí kò bára tan ni òǹkà Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé yìí kan náà ló ti padà yẹ èrò ara rẹ̀ wò, tó sì tún un rò. Ẹni tó ń nájà ní Ìyànà-Ìbà, tó ń fi òǹkà méjèèjì ṣírò láàárín ìṣẹ́jú kan, lè bá a dá sí àríyànjiyàn náà.

Láti ibí sí òkè òkun

Lẹ́yìn èyí, ayé ti ṣí sílẹ̀. The Box ti Marc Levinson (2006) sọ ìtàn kọ̀ǹtéènà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1956, ọkọ̀ Ideal-X tí Malcom McLean ni gbé àpótí 58 láti Newark lọ sí Houston. Láti ìgbà náà ni owó ìkẹ́rù lórí omi ti ń já wálẹ̀, tí ọjà fi ń rin jìnnà, tí àwọn ebúté àtijọ́ sì ń kú. Kò sí ibi tó dára ju Alábà àti Trade Fair lọ láti ka ìwé náà. Kí òǹkàwé béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ọjà wọlé iye owó tó ń bá kọ̀ǹtéènà rìn láti ebúté Apápá dé Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti rí i pé àǹfààní tí òkun fúnni, ilẹ̀ lè gbà á padà.

The Fever ti Sonia Shah (2010) bá ibà rìn láti ayé àtijọ́ títí dé ọjọ́ wa, ó sì ṣàlàyé ìdí tí oògùn àti àpò-ẹ̀fọn nìkan kò fi tíì ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà, tó mọ bí gọ́tà ṣe ń kún lẹ́yìn òjò, mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. How Europe Underdeveloped Africa ti Walter Rodney (1972) ni a fi parí ọ̀wọ́ yìí. Àríyànjiyàn ńlá ni. Ẹni tó ti ka Mann yóò mọ ibi tí ẹ̀rí Èkó ti gbè é lẹ́yìn, àti ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò tiwa fúnra wọn ti mú un díjú.

Ìgúnlẹ̀

A dábàá pé kí òǹkàwé máa ka ìwé ní méjì-méjì, kí ọ̀kan máa yẹ èkejì wò: Johnson pẹ̀lú Ògúndìran, Lander pẹ̀lú Fágúnwà, Levinson pẹ̀lú The Digital Dump. Kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kékeré tí yóò máa kọ ohun tí kò bá ti àdúgbò rẹ̀ mu sí. A tún dábàá pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga agbègbè yìí ya igun kan sọ́tọ̀ fún ìwé nípa Ọ̀jọ́ àti àyíká rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kà á.

Iṣẹ́ tó tóbi jù kù sọ́wọ́ àwa tí a ń kọ èdè yìí. Nínú àwọn ìwé nípa ojú ọ̀nà, ọjà àti ilé tí a yẹ̀ wò, Yorùbá kọ́ ni a fi kọ ẹyọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni èdè tí a fi ń ná ọjà púpọ̀ níbẹ̀, tí a sì fi ń parí ìjà ilẹ̀. Akínyẹlé ṣe ti Ìbàdàn ní 1911, láìní yunifásítì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómaikò ní yunifásítì. Ó tó àkókò kí wọ́n ní ìwé ìtàn tiwọn ní èdè Yorùbá.