Wíwú Iṣan Àórtà àti Ìtọ́jú Rẹ̀ ní Accra

Àórtà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara. Òun ló ń gba ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn. Bí ògiri rẹ̀ kò bá lágbára mọ́, a máa wú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ya tàbí kí ó bẹ́. Lára ohun tó ń fa èyí ni àwọn àrùn àbímọ́ni tó ń ba àwọn okùn tín-ín-rín tó di ara pọ̀ jẹ́. Èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn ni àrùn Marfan, tí Antoine Marfan kọ́kọ́ ṣàpèjúwe àmì rẹ̀ ní Paris ní 1896. Ní 1991 ni a mọ̀ pé àbùkù inú jíìnì FBN1 ló ń fà á.

Àórtà tó wú lè fara jọ àìsàn mìíràn. Nígbà mìíràn, ó lè tẹ okùn tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí gògóńgò, kí ohùn aláìsàn há. Ó lè fún ọ̀nà ọ̀fun mọ́lẹ̀, kí oúnjẹ má lè kọjá. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó máa ń jẹ egungun ẹ̀yìn, tàbí kí ó lu ọ̀nà èémí, kí aláìsàn sì máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Nínú oríṣi àrùn Ehlers-Danlos kan, iṣan lè ya láìkọ́kọ́ wú rárá.

Ní Accra, ilé ìwòsàn Korle Bu, tí a ṣí ní 1923, ni ìtàn ìtọ́jú yìí ti bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni Charles Odamtten Easmon ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn àkọ́kọ́ tó yọrí sí rere ní Ghana, ní 1964. Ńṣe ni wọ́n mú ara aláìsàn tutù kí ó lè fara da dídá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ọgbọ́n yìí fún wọn: ó tó láti dí ihò inú ọkàn, kò tó láti pààrọ̀ àórtà. Irú iṣẹ́ abẹ tí Hugh Bentall àti Antony De Bono kéde ní 1968, tí a fi ń fi ọ̀pá àtọwọ́dá rọ́pò ìdí àórtà, ń fẹ́ ẹ̀rọ tí yóò ṣiṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Kwabena Frimpong-Boateng ló mú àyípadà wá. Ó kọ́ṣẹ́ ní Hannover, ní Jámánì, ní ilé ìwòsàn tí Hans Borst ti gbé ọ̀nà tuntun jáde ní 1983 fún pípààrọ̀ àórtà ní ìpele-ìpele. Ní 1989 ó dá ibùdó ìtọ́jú ọkàn àti àyà ti orílẹ̀-èdè Ghana sílẹ̀ ní Korle Bu. Àwọn aláìsàn ń wá síbẹ̀ láti àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí a bá tètè mọ àrùn rẹ̀ ni ẹ̀rọ lè gbà là. Bí òbí kan bá ní àrùn Marfan, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí ní ìdá méjì ààbọ̀-ààbọ̀ láti jogún rẹ̀ tàbí láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹnì kan kò gbọdọ̀ parí lórí òun nìkan. Ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀.