Igi beech elésè àlùkò

Beech ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Fagus sylvatica, jẹ́ igi igbó tí ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ nínú ọgbà ni irú rẹ̀ tí ewé rẹ̀ pupa títí dé àwọ̀ àlùkò. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé chlorophyll, èròjà tó ń mú ewé tutù, kò sí nínú irú ewé bẹ́ẹ̀. Ó wà níbẹ̀, òun ni igi náà fi ń ṣe oúnjẹ rẹ̀. Èròjà pupa tó ń jẹ́ anthocyanin ló bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ àwọ̀lékè. Ẹ̀rí rẹ̀ kò fara sin: ewé tó wà ní ìbòòji máa ń tutù ju èyí tí oòrùn ń pa lọ, ewé tuntun ìgbà ìrúwé ló sì ń pọ́n jù. Bí ìgbà ooru bá ti wọlé, pupa náà a ṣú, a sì fà sí àwọ̀ ewé. Ẹnìkan lè wá sọ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, oòrùn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ìran igi. N kò gbà bẹ́ẹ̀, torí pé beech lásán tó wà nínú oòrùn kan náà kì í di àlùkò. Ìran ló fún igi lágbára láti ṣe anthocyanin púpọ̀. Oòrùn ló ń pinnu bí yóò ṣe pọ̀ tó. Èso beech àlùkò náà jẹ́rìí sí i: bí a bá gbìn ín, àwọn ọmọ kan á pọ́n, àwọn mìíràn á tutù, àwọn kan á wà láàárín. Ìdí nìyí tí àwọn olùtọ́jú igi fi ń gé ẹ̀ka èyí tó wù wọ́n, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ kùkùté beech lásán.

Lórí ibi tí beech àlùkò ti ṣẹ̀, ẹnu kò kò. Ọ̀pọ̀ ìwé pe igi kan nínú igbó Possen, nítòsí Sondershausen ní Jámánì, ní ìyá gbogbo wọn. Ó lè jẹ́ pé púpọ̀ nínú ti ọgbà ti ibẹ̀ wá, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kan, Johann Jakob Wagner, ti kọ̀wé ní 1680 nípa beech pupa kan ní Buch, ní Swítsálandì, níbi tí ìtàn ìbílẹ̀ ti sọ pé àwọn arákùnrin márùn-ún pa ara wọn. Ó jọ pé àyípadà tó ń sọ ewé beech di pupa ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn irú beech mìíràn tún wà tí a ń gbìn nítorí àwọ̀ ewé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Zlatia, tí ewé tuntun rẹ̀ jẹ́ pupa rúsúrúsú bí wúrà, wá láti Sẹ́bíà. Dawyck Gold àti Dawyck Purple jáde ní ọgbà Trompenburg ní Rotterdam, láti inú èso irú beech kan tó ń jẹ́ Dawyck, tó jẹ́ aláwọ̀ ewé.