"Blockbuster": ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń lò ó

Gbogbo àwa tí à ń ná ọjà ní Obosi àti Onitsha la mọ ọ̀rọ̀ yìí. Láyé fíìmù inú kásẹ́ẹ̀tì, ara páálí fíìmù la ti máa ń rí i, pàápàá ní Iweka Road. Ní báyìí, ẹni tó ń ta bàtà náà ń pe ọjà ẹ̀ ní blockbuster. Kí ló túmọ̀ sí gan-an?

Ìpìlẹ̀ rẹ̀: Àdó olóró ni. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun òfúrufú Gẹ̀ẹ́sì ń ju àdó olóró tó wọn 4,000 pọ́n-ùn sí ìlú àwọn Jámánì. Àwọn oníwèé ìròyìn ló sọ ọ́ ní blockbuster, torí pé ó lè wó odindi àdúgbò.

Fíìmù: Àwọn ará Amẹ́ríkà ló gbé e sórí fíìmù tó pa owó rẹpẹtẹ. Ìgbà tí Jaws jáde lọ́dún 1975 ló wá rinlẹ̀.

Tiwa ní Nàìjíríà: Living in Bondage tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní 1992 lédè Ìgbò ni ti kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbàgbé pé fíìmù Yorùbá ni Nnebue ti kọ́kọ́ náwó lé kó tó ṣe é. Ní ti sinimá, A Tribe Called Judah ti Funke Akindele, tó jáde ní December 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ.

Oògùn: Àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ń lò ó fún oògùn tó tà tó bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún kan.

Lédè wa: "Ó gbòde kan" sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nǹkan lè gbòde kó má mówó wọlé. Blockbuster gbọ́dọ̀ tà. Ọjà tàbí iṣẹ́ là ń pè bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èèyàn, "ó ti blow" là ń wí.

Ìkìlọ̀: Èmi náà ti fi owó ọjà kó páálí fíìmù kan rí torí ọ̀rọ̀ yìí tó wà lára ẹ̀. Ọdún yípo, ìdajì ẹ̀ ṣì wà lábẹ́ káńtà mi. Ẹni tó ń tajà ló kọ ọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó rà á. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá pe ọjà ní blockbuster fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: mélòó lẹ tà lọ́sẹ̀ tó kọjá?