Gígé kéèkì sí ìpele tó dọ́gba

Gígé kéèkì sí ìpele ni kí a fi ọ̀bẹ, òwú tàbí wáyà la kéèkì tó ti jinná ní ìbú, kí ó di abala pẹlẹbẹ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí gbogbo wọn nípọn bákan náà. Àárín àwọn abala yìí ni wọ́n ń fi jáàmù, kíríìmù tàbí bọ́tà tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà sí, kí wọ́n tó tò wọ́n padà lórí ara wọn. Ìpele yàtọ̀ sí àgbékà. Nínú kéèkì alágbèékà ti ìgbéyàwó, odidi kéèkì ló ń gun orí odidi kéèkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì lè ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú. Bí ìpele kò bá dọ́gba, kéèkì á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, èròjà àárín á sì máa ṣàn lọ síbi tó dagun. Bí àgbékà mìíràn bá tún wà lórí rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á mú kí ó tẹ̀ sí i.

Ìtàn

Kéèkì tó fúyẹ́ tó sì ga ni ó sábà ń yẹ fún lílà. Ní 1843, Alfred Bird, apoògùn kan ní Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe bákìn páúdà, èyí tó mú kí kéèkì rọrùn láti wú. Ní 1861, Isabella Beeton tẹ ìlànà Victoria sandwiches jáde nínú ìwé rẹ̀, Book of Household Management. Kéèkì pẹlẹbẹ kan ni: wọ́n á fi jáàmù pa ìdajì rẹ̀, wọ́n á sì fi ìdajì kejì bò ó. Ọ̀pọ̀ aṣekéèkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí máa ń yan ìdajì méjèèjì nínú páànù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má baà la nǹkan kan rárá.

József Dobos, alásè ará Hungary, ló mú ọ̀nà yíyan ìpele lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yẹn dé góńgó. Kéèkì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, tí wọ́n gbé síwájú gbogbo ayé níbi ìpàtẹ ńlá ti Budapest ní 1885, ní ìpele tín-ínrín tí wọ́n ń tẹ́ tí wọ́n sì ń yan lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kíríìmù ṣokoléètì láàárín wọn. Ó fi ìlànà rẹ̀ pa mọ́ títí di 1906. Kéèkì Smith Island, tí ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà fi òfin sọ di oúnjẹ adídùn ìpínlẹ̀ náà ní 2008, ń tọ ọ̀nà kan náà: ó lè ní ìpele mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn ni wọ́n sì ń yan lọ́tọ̀.

Àríyànjiyàn lórí Sachertorte

Ní Vienna, ọ̀rọ̀ bóyá kí a la kéèkì tàbí kí a má là á dé ilé ẹjọ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Franz Sacher ló kọ́kọ́ ṣe kéèkì ṣokoléètì tí wọ́n ń pè ní Sachertorte ní 1832, nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, fún àwọn àlejò Ọmọba Metternich. Lẹ́yìn náà, ilé ìtura Hotel Sacher àti ilé kéèkì Demel ni wọ́n jọ ń pe ara wọn ní oní-nǹkan. Hotel Sacher la kéèkì tirẹ̀ sí méjì, ó fi jáàmù apricot sáàárín, ó sì tún fi pa á lórí kí ṣokoléètì tó bò ó. Demel kò la tirẹ̀. Abẹ́ ṣokoléètì nìkan ni jáàmù wà.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Òǹkọ̀wé Friedrich Torberg, tí àwọn méjèèjì mọ̀ ní oníbàárà, jẹ́rìí pé nígbà ayé Anna Sacher, ìyàwó Eduard ọmọ Franz, wọn kì í la kéèkì náà láàárín. Ẹ̀rí yìí wúwo, àmọ́ kò tó láti fi sọ ohun tí Franz Sacher fúnra rẹ̀ ṣe ní 1832, nítorí àárín ìgbà yẹn àti ìgbà ayé Anna jìnnà. Ní 1963, wọ́n parí ẹjọ́ náà nítùbí-ìnùbí: Hotel Sacher gba ẹ̀tọ́ láti máa pe tirẹ̀ ní ojúlówó, Demel sì gba ẹ̀tọ́ láti máa lo orúkọ Eduard Sacher. Ohun tó dájú ni pé kéèkì tí a là àti èyí tí a kò là ṣì wà lórí àtẹ ní Vienna títí di òní.

Ìmúra kéèkì

Láti inú ààrò ni ìdọ́gba ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ páànù ni ooru kọ́kọ́ ń dé, ibẹ̀ ni kéèkì sì kọ́kọ́ ń gan. Àárín ṣì rọ̀ nígbà náà, ó ń wú lọ, títí orí kéèkì á fi yọ gọngọ. Láti dènà èyí, àwọn aṣekéèkì máa ń fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú omi, tí wọ́n sì fún, yí ara páànù ká. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà nínú aṣọ náà, ooru rẹ̀ kò ní ju nǹkan bíi 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bí ààrò tilẹ̀ wà ní 170. Ẹ̀gbẹ́ á wá pẹ́ gan, òun àti àárín á jọ máa wú.

Kéèkì gbígbóná kò ṣeé là, nítorí bọ́tà inú rẹ̀ ṣì yọ́, ara rẹ̀ sì ń fọ́. Ó gbọ́dọ̀ tutù pátápátá. Bí wọ́n bá wé e mọ́ ọ̀rá tí wọ́n sì gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì, bọ́tà á dì, ẹ̀rún á sì dín kù. Kéèkì olóróró kì í le tó bẹ́ẹ̀, torí òróró kì í dì bíi bọ́tà. Irú rẹ̀ ń fẹ́ ọwọ́ tó túbọ̀ rọra.

Ọ̀bẹ eléyín

Ọ̀bẹ búrẹ́dì, tí ẹnu rẹ̀ ní eyín bíi ti ayùn, ni irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù lọ. Ilé iṣẹ́ Friedrich Dick ti Jámánì pàtẹ irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ní Chicago ní 1893. Ìdí tó fi dára ju ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ tẹ́jú lọ kò ju pé afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú kéèkì. Ọ̀bẹ títẹ́jú máa ń tẹ àwọn ihò afẹ́fẹ́ yẹn mọ́lẹ̀ kí ó tó gé wọn, pàápàá bí ó bá kú. Orí eyín kékeré ni agbára ọwọ́ ń kó jọ sí lára ọ̀bẹ eléyín, nítorí náà ó ń gé bí a ti ń fà á lọ fà á bọ̀, láìsí pé a tẹ̀ ẹ́.

Gígùn ọ̀bẹ ṣe pàtàkì. Kéèkì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20 ń fẹ́ ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ gùn tó 25 ó kéré tán. Èyí tó kúrú á máa wọlé máa jáde, á sì fi ojú gígé sílẹ̀ ní jákujàku.

Kí ọ̀bẹ tó wọlé, wọ́n á kọ́kọ́ ré orí gọngọ kúrò kí òkè lè tẹ́jú. Wọ́n á wá fi rúlà wọn gíga kéèkì. Èyí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 6, tí wọ́n fẹ́ sọ di ìpele mẹ́ta, á ní àmì ní 2 àti ní 4. Ìtayín ni wọ́n sábà ń gún sí ẹ̀gbẹ́ kéèkì yíká gẹ́gẹ́ bí àmì. Wọ́n á tún fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà kan lóròó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n bá ń to ìpele padà, wọ́n á jẹ́ kí ìlà yìí bára mu, nítorí bí ọ̀bẹ bá tilẹ̀ wọ́ díẹ̀, ibi tó dagun lára ìpele kan á bá ibi tó ga lára èkejì pàdé, kéèkì á sì dúró ṣánṣán.

Wọ́n á gbé kéèkì sórí àwo tó ń yí. Àtẹ́lẹwọ́ òsì á wà lórí rẹ̀ pẹrẹsẹ, ọ̀bẹ á sì dúró ní gíga kan náà bí kéèkì ti ń yí. Wọ́n á kọ́kọ́ gé wọlé díẹ̀ yíká gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìlà tí wọ́n ti gé yìí ni yóò máa tọ́ ọ̀bẹ sọ́nà bí ó ti ń lọ sí àárín. Ẹni tí kò ní àwo tó ń yí lè to igi pẹlẹbẹ méjì tó nípọn bákan náà sí ẹ̀gbẹ́ kéèkì méjèèjì, kí ọ̀bẹ máa rìn lórí wọn. Láti gbé ìpele tí wọ́n gé kúrò, páálí tín-ínrín ni wọ́n ń tì sábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ lásán lè fà á ya.

Òwú àti wáyà

Fún òwú, wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà yí kéèkì ká, wọ́n á wé òwú líle sínú ìlà náà, wọ́n á gbé orí rẹ̀ méjèèjì kọjá ara wọn, wọ́n á sì rọra fà á títí yóò fi là á já. Òwú tí wọ́n fi ń nu àárín eyín dára fún un, bí kò bá ní adùn kankan lára.

Irinṣẹ́ oníwáyà jẹ́ férémù tó ní ẹsẹ̀ méjì, tí wáyà tín-ínrín sì nà láàárín wọn. Wọ́n á fi wáyà sí gíga tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ń fa ayùn. Ilé iṣẹ́ Wilton ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ń tà á. Wáyà máa ń tẹ̀ níbi tí èèpo kéèkì bá le, nítorí náà ó dára kí ọ̀bẹ kọ́kọ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ fún un. Irinṣẹ́ Agbay, tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà bákan náà, lo ọ̀bẹ eléyín dípò wáyà; irú kan nínú rẹ̀ ní ọ̀bẹ méjì, tí yóò gé ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òwú àti wáyà kò dára fún kéèkì eléso gbígbẹ, torí èso inú rẹ̀ ń dá wọn dúró, ó sì ń fa kéèkì ya.

Òrùka

Òrùka irin tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń yí kéèkì ká, ọ̀bẹ á sì gba inú ihò kọjá.

Ilé iṣẹ́ ńlá

Ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kéèkì lọ́pọ̀, ẹ̀rọ ló ń gé e. Àwọn kan ní ọ̀bẹ tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 sí 40,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbọ̀n yìí kì í jẹ́ kí kíríìmù lẹ̀ mọ́ ọn.

Yíyan irinṣẹ́

Ẹni tó ń ṣe kéèkì nílé kò nílò ju ọ̀bẹ eléyín gígùn, rúlà, ìtayín àti kéèkì tó ti tutù lọ. Ẹni tó ń ṣe é tà, tí kéèkì rẹ̀ sì pọ̀ lọ́sẹ̀, á rí èrè irinṣẹ́ oníwáyà tàbí ti ọlọ́bẹ, nítorí gíga kan náà ni yóò máa gé ní gbogbo ìgbà. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè tún kéèkì tí a gé nígbà tó ṣì gbóná ṣe.